Bùpá, Àdúrà àti Òfin: Ìtàn Àjẹsára Ọmọdé ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Àjẹsára ọmọdé ti di dandan lábẹ́ òfin Nàìjíríà láti ọdún 2003. Abala 13 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún yẹn pa á láṣẹ fún òbí, alágbàtọ́ tàbí ẹnikẹ́ni tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó rí i dájú pé ọmọ náà gba àjẹsára rẹ̀ pé. Ẹni tó bá kùnà yóò san owó ìtanràn tí kò ju 5,000 náírà lọ. Bó bá tún kùnà, ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ ló ń dúró dè é. Nítorí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣòfin fúnra rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọdé, òfin náà kò dé ilẹ̀ Ìlàjẹ títí di ọdún 2007, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó sọ ọ́ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè pé ta ló láṣẹ lórí apá ọmọ ọwọ́ ti wà ní etí òkun yẹn tipẹ́tipẹ́ kí òfin yìí tó dé. Ṣọ̀pọ̀ná ló kọ́kọ́ gbé e wá, wòléwòlé ìjọba amúnisìn bá a fà á, àwọn ìjọ Aládùúrà náà sì dáhùn rẹ̀ lọ́nà tiwọn.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ wà ní ìpẹ̀kun Ìpínlẹ̀ Oǹdó níhà gúúsù, níbi tí ilẹ̀ ti ń di ẹrọ̀fọ̀, tí ẹrọ̀fọ̀ ń di ọ̀sà, tí ọ̀sà sì ń pàdé òkun Àtìláńtíìkì. Ilẹ̀ Olúgbó ti Ugbò àti Amapetu ti Máhìn wà lára rẹ̀. Igbókòdá ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, èbúté ibẹ̀ sì ni ẹnu ọ̀nà sí Ugbónlá, Ayétòrò, Awóyè, Mólútẹ̀hìn àti ọ̀pọ̀ abúlé mìíràn tí títì kò dé. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí ní púpọ̀ nínú wọn, afárá pákó ni wọ́n ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, ọkọ̀ ni wọ́n sì ń wọ̀ lọ sọ́jà, lọ sóko, lọ sílé ìwòsàn. Iṣẹ́ ẹja ni iṣẹ́ wọn, apẹja kì í sì í dúró lójú kan. Ìlàjẹ wà ní Mákòkó nílùú Èkó, wọ́n wà ní etí òkun Bẹ̀nẹ̀, wọ́n wà ní Kamẹrúùnù. Ẹja ni baálé ń tẹ̀ lé, ìyàwó àti ọmọ ń tẹ̀ lé baálé, àrùn sì mọ gbogbo ọ̀nà omi tí wọ́n ń gbà.

Èrò pé a lè fi ohun kan dí ọ̀nà àìsàn kó tó dé kì í ṣe àjèjì sí wọn. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, àjẹsára, ẹnu àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ló ti wá: oògùn tí ènìyàn jẹ sára sílẹ̀, kí májèlé tàbí ibi má baà ràn án lọ́jọ́ tó bá kàn án. Gbẹ́rẹ́ náà wà, tí wọ́n ń fi abẹ sín sí ara ọmọdé, tí wọ́n sì ń fi oògùn dúdú ra ojú rẹ̀. Ìyá tó gbé ọmọ lọ gba gbẹ́rẹ́ mọ̀ pé ọmọ náà yóò sunkún, ó sì mọ ìdí tí òun fi jẹ́ kó sunkún. Ní àwọn ibòmíràn ní Áfíríkà, wọ́n tiẹ̀ máa ń mú omi ojú egbò ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná ń ṣe, wọ́n á fi sín ara ẹni tí kò tíì ṣe é, kí ó lè ṣe é díẹ̀ kó sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ayé. Ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n ń pè ní Onesimus, ló ṣàlàyé ọgbọ́n yìí fún ọ̀gá rẹ̀, Cotton Mather, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì lò ó níbẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ ọdún 1721, ọdún 75 ṣáájú kí England tó ní bùpá tirẹ̀.

Ṣọ̀pọ̀ná kọjá àìsàn lójú Yorùbá. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀ ní gbangba: Ọbalúayé ni, Olóde ni, Ilẹ̀gbóná ni. Bó bá pa ènìyàn, ẹbí kì í ké, nítorí ọba ló mú ohun tirẹ̀. Àwọn àwòrò rẹ̀ ló ń sin òkú náà, àwọn náà ló sì ń kó ẹrù tí òkú fi sílẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú àṣà yìí, nítorí aṣọ àti ẹní aláìsàn máa ń ran ẹlòmíràn, ẹni tó ti ṣe é rí tó sì yè nìkan ló sì lè fọwọ́ kàn án láìséwu. Ṣùgbọ́n ewu náà wà nínú rẹ̀, nítorí ẹni tí ikú ń mú èrè wá fún kò ní kánjú kí ikú tó tán. Oguntola Sapara, ọ̀kan nínú àwọn dókítà Yorùbá àkọ́kọ́ ní Èkó, tó kú lọ́dún 1935, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àwòrò náà láti mọ ìṣe wọn. Ohun tó bọ̀ wá sọ ni pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá egbò tan àrùn náà kálẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìjọba amúnisìn fòfin de bíbọ Ṣọ̀pọ̀ná. Ìsìn náà wọ abẹ́lẹ̀, àrùn náà kò lọ.

Ohun tí ìjọba fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ni bùpá. Ọdún 1796 ni Edward Jenner, oníṣègùn kan ní Berkeley ní England, mú omi egbò ṣọ̀pọ̀ná màlúù, tó fi sín apá ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan, tí ṣọ̀pọ̀ná gidi kò sì lè ran ọmọ náà mọ́. Yorùbá wo iṣẹ́ náà, wọ́n rí i pé apá ni wọ́n ń bù, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Àpá tó máa ń dá síbẹ̀ di ẹ̀rí ojú: ẹni tó bá ní i, wòléwòlé á fi í sílẹ̀, ẹni tí kò bá ní i, wọ́n á ní kó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

England kọ́kọ́ fi tipátipá ṣe é nílé. Òfin ọdún 1853 sọ pé gbogbo ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ gba bùpá láàárín oṣù mẹ́ta tí wọ́n bí i, owó ìtanràn sì wà fún òbí tó bá kọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ìlú Leicester kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́dún 1885 láti fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tó di 1898, ilé aṣòfin wọn gbà pé òbí tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á lè gba ìwé tí yóò yọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ètò ìlera tuntun wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948, dandan náà kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá. Àwọn tó ń jọba lé Nàìjíríà lórí mọ ìtàn yìí dáadáa. Síbẹ̀, òfin bùpá tí wọ́n gbé wá síbí fi àṣẹ lé òṣìṣẹ́ ìlera lọ́wọ́ lórí gbogbo apá, kò sì sí ẹni tó bi ìyá kan ní Máhìn tàbí ní Ugbò bóyá ọkàn tirẹ̀ gbà á. Àìdọ́gba yìí yẹ ní rírántí, nítorí ó wà lára ìdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ka abẹ́rẹ́ sí ọ̀kan náà pẹ̀lú owó orí: ohun tí ìjọba ń wá gbà, tí kì í ṣe ohun tó ń mú bọ̀.

Wòléwòlé ni aṣojú ìjọba yìí lójú aráàlú. Òun ló ń yọjú sínú ìkòkò omi láti wá tanwíji, òun ló ń bojú wo ilé ìyàgbẹ́, òun náà ló ń wá ọmọ tí kò tíì bùpá. Ní ìlú orí ilẹ̀, ó lè dé láàárọ̀ kí ó tì gbogbo agbo ilé sójú kan. Lórí omi kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sá fún un kò ní ju kó wọ ọkọ̀, kó wa àjẹ̀ gba ọ̀nà odò kékeré kan lọ. Ìṣòro kejì kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni ní Ìlàjẹ. Oògùn bùpá ìgbà náà kì í fẹ́ ooru. Bó bá pẹ́ lójú oòrùn, ó ti kú kí wọ́n tó sín in, apá á san, àmọ́ ààbò kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó gba irú rẹ̀ lè ṣe ṣọ̀pọ̀ná lẹ́yìn náà, àwọn òbí rẹ̀ a sì sọ ohun tí ojú wọn rí: bùpá kò jẹ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1950 ni wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ oògùn náà di ìyẹ̀fun tó lè fara da ooru ilẹ̀ wa.

Láàárín àkókò yìí ni ohun mìíràn tó lágbára ju wòléwòlé lọ dé etí òkun. Àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú tó jà káàkiri ayé lọ́dún 1918 ba Ìjẹ̀bú-Òde, oògùn òyìnbó kò rí i ṣe. Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan níbẹ̀, lára wọn Joseph Sadare àti Sophia Odunlami, kó ara wọn jọ láti gbàdúrà, wọ́n sì pinnu pé àdúrà àti omi nìkan ni àwọn yóò fi wo àìsàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye tí wọ́n dá sílẹ̀ so mọ́ ìjọ Faith Tabernacle ti Amẹ́ríkà, ìjọ tó ka oògùn gbogbo sí àìnígbàgbọ́. Lọ́dún 1925, Moses Orimolade ọmọ Ìkàrẹ́ àti Abiodun Akinsowon dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Kérúbù àti Séráfù ràn dé ilẹ̀ Ìlàjẹ bí iná inú ọyẹ́. Kò yani lẹ́nu. Níbi tí ilé ìwòsàn ti jìnnà tó ìrìn àjò ọjọ́ kan lórí omi, wòlíì tó wà lójúlé kejì pẹ̀lú omi àdúrà rẹ̀ ni ìwòsàn tó wà ní àrọ́wọ́tó. Ẹni tó bá fẹ́ dá àwọn òbí ìgbà náà lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ wọn.

Ayétòrò ni ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti di ìlú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kínní ọdún 1947, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù tí àwọn ará àdúgbò wọn ń ṣe inúnibíni sí kọ́ ìlú tiwọn sórí ẹrọ̀fọ̀ etí òkun, wọ́n pe ara wọn ní Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, wọ́n sì fi ọba tí wọ́n ń pè ní Ogeloyinbo jẹ lórí ara wọn. Owó kò sí láàárín wọn. Ohun tí gbogbo ènìyàn bá pa, inú àpò ìlú ló ń lọ. Oúnjẹ, aṣọ àti ilé ń ti ọ̀dọ̀ ìlú wá. Wọ́n kan ọkọ̀ ńláńlá, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, wọ́n yan búrẹ́dì, wọ́n fi ẹ̀rọ tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Ìtàn ìlú náà fi yangàn pé àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ tako pípa ìbejì. Stanley Barrett, onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn láti Kánádà, gbé láàárín wọn, ó sì kọ ìwé nípa wọn lọ́dún 1977, níbi tó ti fi orúkọ Olowo bo ìlú náà láṣìírí. Lára ohun tó rí níbẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé ẹni tó bá jẹ́ mímọ́ nínú wọn kò ní tọ́ ikú wò.

Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọmọ kì í ṣe ti bàbá àti ìyá rẹ̀ nìkan. Yorùbá ti máa ń sọ pé ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ayétòrò mú òwe náà di ètò ìlú. Ìdí nìyí tí ìlú náà fi ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá ń ro ọ̀rọ̀ dandan. Àwọn tó ń jà fún òmìnira òbí máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìyá kan jókòó sílé rẹ̀, ó rò ó, ó sì pinnu. Ní etí òkun Ìlàjẹ, ìyá kan kì í sábà dá pinnu. Ohun tí wòlíì bá sọ, ohun tí ìyá ọkọ bá sọ, ohun tí ọba bá sọ, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tó bá ń gbé ọmọ lọ síbi abẹ́rẹ́ tàbí nígbà tó bá kọ̀ tí kò gbé e lọ. Àṣẹ ti wà lórí apá ọmọ náà kí àṣẹ ìjọba tó dé. Ètò àjọní Ayétòrò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ká láti ọdún 1968, nígbà tí wọ́n fàyè gba kí oníkálukú máa ṣòwò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ ọ̀rọ̀ ìjọ kò bá a lọ.

Ọdún kan ṣáájú èyí, ohun tó lè ṣẹlẹ̀ nígbà tí odidi ìjọ bá kọ bùpá hàn kedere níbòmíràn ní Nàìjíríà. Ní Abakaliki, lápá ìlà-oòrùn, ṣọ̀pọ̀ná bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1967 láàárín àwọn ọmọ ìjọ Faith Tabernacle, tí wọ́n ń jọ gbé nínú agbo ilé, tí wọn kì í sì í gba bùpá. Ènìyàn 32 ni àrùn náà mú. 30 nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Ìlú tó yí wọn ká ti bùpá dáadáa, nítorí náà àrùn náà kò rí ọ̀nà tàn jìnnà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kọ́ni, nítorí ó fi ohun méjì hàn lẹ́ẹ̀kan náà: ìgbàgbọ́ kò dí ọ̀nà àrùn náà láàárín àwọn tó kọ bùpá, apá àwọn aládùúgbò wọn tó ti bù ló sì dá a dúró.

Ìgbà yẹn gan-an ni ogun àjàpa lòdì sí ṣọ̀pọ̀ná ń lọ. Oṣù Kínní ọdún 1967 ni ètò tí Amẹ́ríkà àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún orílẹ̀-èdè 20 ní Ìwọ̀-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọdé ní àjẹsára èèyí pẹ̀lú rẹ̀. Oṣù kan ṣáájú, ní agbègbè Ogoja, William Foege, dókítà kan láti Amẹ́ríkà, rí i pé oògùn tó wà lọ́wọ́ òun kò lè kárí. Ó ránṣẹ́ káàkiri láti mọ abúlé tí àrùn wà, ó sì fi ìwọ̀nba oògùn náà bùpá fún àwọn tó yí aláìsàn ká nìkan. Àrùn náà kú níbẹ̀. Ọgbọ́n yìí ló tàn káàkiri. Oṣù Karùn-ún ọdún 1970 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ṣe ṣọ̀pọ̀ná ní Nàìjíríà, 1977 ni wọ́n rí ti ìkẹyìn tó ràn fúnra rẹ̀ ní gbogbo ayé, ní Sòmálíà, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán. Ẹni tó bá ní àpá bùpá lápá ní Ìlàjẹ lónìí ti dàgbà.

Bí ṣọ̀pọ̀ná ṣe lọ yí ọ̀rọ̀ dandan padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aṣòfin kò sábà wò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn àrùn tó kù kò rí bákan náà. Èèyí ń ràn ju ṣọ̀pọ̀ná lọ: inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà, bí ọmọ tó ní ààbò kò bá sì tó 95 nínú 100, yóò rí ọ̀nà kọjá. Níbi tí ilé ti fara kan ilé lórí òpó, tí ọmọdé mẹ́wàá ń ṣeré lórí afárá kan, òbí tó kọ àjẹsára èèyí ń pinnu fún ọmọ aládùúgbò pẹ̀lú tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ ìjọba láti sọ pé dandan ni ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Tẹ́tánọ́ọ̀sì yàtọ̀. Kì í ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Inú ẹrẹ̀ àti irin dídọ̀tí ló ń gbé, ó sì ń wọ ara ọmọ tuntun láti ojú ìwọ́ tí wọ́n bá fi abẹ àìmọ́ gé. Àjẹsára rẹ̀ kò dáàbò bo aládùúgbò kankan. Ọmọ náà nìkan ló ń dáàbò bò, abẹ́rẹ́ ìyá nígbà oyún sì ni ààbò àkọ́kọ́ tó ní. Ẹni tó bá fẹ́ sọ èyí di dandan kò lè fi àjàkálẹ̀ ṣe ìdí. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ náà jẹ́ ènìyàn lọ́tọ̀, pé ẹ̀mí rẹ̀ kì í ṣe ohun ìní.

Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà ti rìn lọ́nà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ẹjọ́ náà dá lé, kì í ṣe àjẹsára. Lọ́dún 2001, ó dá a lẹ́jọ́ pé àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé lè kọ ẹ̀jẹ̀ nítorí ìsìn rẹ̀, kódà bí ikú bá wà níbẹ̀. Lọ́dún 2019, lórí ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1997, ó sọ pé òbí kò lè fi ìsìn tirẹ̀ dí ọ̀nà ìtọ́jú tí yóò gba ẹ̀mí ọmọ là. Ọmọ tó ń kú lọ́wọ́ yàtọ̀ sí ọmọ tí ara rẹ̀ dá tí wọ́n fẹ́ fún labẹ́rẹ́, ìdájọ́ náà kò sì dé orí èyí. Síbẹ̀ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti Abala 13: ọkàn òbí jẹ́ ti òbí, ẹ̀mí ọmọ sì jẹ́ ti ọmọ.

Ètò àjẹsára tí ọmọ Ìlàjẹ ń gbà lónìí, tòsí ni wọ́n ti dán an wò. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àjẹsára gbogbogbòò lọ́dún 1979, kò rìn dáadáa, wọ́n sì tún un ṣe. Ọ̀wọ̀, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú ètò tuntun náà kí ó tó kárí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1984. Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ló tì í débi tó ga jù, nítorí ó gbà pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ wà nítòsí ojúlé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ètò náà wó lulẹ̀. Ìwádìí ìjọba lọ́dún 2003, ọdún náà gan-an tí wọ́n sọ ọ́ di dandan, fi hàn pé nǹkan bí ọmọ 13 péré nínú 100 ló gba àjẹsára rẹ̀ pé ní gbogbo Nàìjíríà. Ní 2018, iye náà jẹ́ 31. Bó bá jẹ́ òfin nìkan ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òbí Nàìjíríà ló yẹ kó ti rí ẹ̀wọ̀n.

Ọ̀wọ̀ ní títì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Ọ̀wọ̀ àti Awóyè ni ọ̀rọ̀ yìí gbé dúró lé. Oògùn àjẹsára kò gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 8 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dì, láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é títí dé apá ọmọ. Ní Ìlàjẹ, inú kúlà tí wọ́n to yìnyín yí ká ni wọ́n ń gbé e, láti Igbókòdá, nínú ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì, lójú oòrùn tàbí nínú òjò. Bí bẹntiróòlù bá wọ́n, ọkọ̀ kò ní lọ. Bí òkun bá ń ru, ọkọ̀ kò ní lọ. Àmì kékeré kan wà lára ìgò oògùn náà tó máa ń yí àwọ̀ padà bí ooru bá ti bà á jẹ́, èyí tí wòléwòlé ayé àtijọ́ kò ní. Tún wo bí wọ́n ṣe ń di oògùn náà: ìgò kan tí wọ́n fi ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ọmọ 20, ti èèyí tó ọmọ 10, bí wọ́n bá sì ti ṣí i, wákàtí mẹ́fà ló kù fún un. Ní abúlé tí ọmọ tuntun méjì péré wà lóṣù yẹn, ó máa ń nira fún òṣìṣẹ́ láti ṣí ìgò kí ó sì da ìyókù nù. Á ní kí ìyá padà wá. Ìyá tó ti sanwó ọkọ̀ wá, tí wọ́n ní kó padà wá, kò kọ àjẹsára. Ìwé yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ rẹ̀ kò gbà á.

Ìyá náà sì ní láti wá léraléra. Lọ́jọ́ ìbí, ní ọ̀sẹ̀ 6, ní ọ̀sẹ̀ 10, ní ọ̀sẹ̀ 14, ní oṣù 9, ní oṣù 15. Ìgbà mẹ́fà ni, ó kéré tán, nígbà mìíràn owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ sì jẹ́ èrè ẹja ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó ṣòro jù ni ti ọjọ́ ìbí, nítorí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ ni ọ̀pọ̀ ti ń bímọ, lọ́wọ́ ìyá àgbà tó mọ àdúrà, tó mọ ìgbẹ̀bí, àmọ́ tí kò ní kúlà. Nígbà ìjọba Olusegun Mimiko, láàárín ọdún 2009 sí 2017, Ìpínlẹ̀ Oǹdó gbé ètò Abíyè kalẹ̀, lẹ́yìn náà ni ti Agbẹ̀bíyè, tó ń fún àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ìjọ ní ẹ̀bùn bí wọ́n bá darí aboyún lọ sílé ìwòsàn. Dípò kí wọ́n bá wòlíì jà, wọ́n fi í ṣe alábàáṣiṣẹ́. Òye yìí dára ju owó ìtanràn lọ, nítorí ó bá àwọn tó ni àṣẹ sọ̀rọ̀.

Kánò ti fi ìdí rẹ̀ hàn ṣáájú. Ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀ lọ́dún 1996, ẹjọ́ rẹ̀ kò sì parí pẹ̀lú ìjọba Kánò títí di 2009, nígbà tí ilé iṣẹ́ náà gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là. Láàárín èyí, lọ́dún 2003, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fura sí oògùn òyìnbó, ìpínlẹ̀ náà dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, àrùn náà sì rin ìrìn àjò láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó tún un ṣe ni pé àwọn ọba àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn jókòó, wọ́n yẹ oògùn náà wò, wọ́n sì sọ fún àwọn ènìyàn wọn pé ó dára. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé irú rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àdánidá ti tán ní Áfíríkà. Láti ojúlé dé ojúlé ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú tàdáwà tí wọ́n fi ń kun ìka ọmọ.

Nítorí náà, dandan yẹ kó wà, àmọ́ ìjọba ni ó yẹ kó kọ́kọ́ dè. Òfin tó lè mú ìyá nítorí pé ọmọ rẹ̀ kò gba abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án gbọ́dọ̀ lè bi ìjọba ìbílẹ̀ pé ọjọ́ wo ni ọkọ̀ abẹ́rẹ́ dé abúlé yẹn kẹ́yìn. Abala 13 kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Òkun ti ń fi kún ìṣòro náà. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni Àtìláńtíìkì ti ń jẹ Ayétòrò. Ilé, ojú ọ̀nà àti ohun tí ìlú náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ti wọ inú omi, iṣẹ́ ìdènà òkun tí NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, gbé síta lọ́dún 2004, tó sì tún gbé síta lọ́dún 2009, kò dá a dúró. Àwọn ìdílé ń ṣí lọ sẹ́yìn, àwọn mìíràn ń lọ sí Igbókòdá, àwọn mìíràn ń bá ẹbí wọn ní Èkó. Ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹfà ní etí òkun lè jẹ́ pé Mákòkó ni yóò ti gba ti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Káàdì rẹ̀ ni ẹ̀rí tó ní, ilé tí òkun bá sì gbé lọ máa ń gbé káàdì lọ pẹ̀lú. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá síwájú rẹ̀ á ká apá aṣọ rẹ̀ sókè wo apá òsì, gẹ́gẹ́ bí wòléwòlé ti ń ṣe, nítorí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ nìkan ló máa ń dá àpá sílára. Gbogbo ìyókù kì í fi àmì sílẹ̀. Bí káàdì kò bá sí, ọwọ́ tí wọ́n máa ń mú un ni pé ọmọ náà kò tíì gbà wọ́n, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un látìbẹ̀rẹ̀.